Ẹ Bi Òkun Léèrè Kí Ẹ Tó Gba Líìfù

Àǹtí Onífọ́tò ń dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé nípa fọ́tò yíyà. Etí òkun ni tòṣù yìí.

ÌBÉÈRÈ

Àǹtí Onífọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ní London ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ìbejì wa, ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ìyá mi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò sì ní padà títí di oṣù Kẹwàá. Mo ra kámẹ́rà kan láìpẹ́, lẹ́ǹsì méjì ni mo ní: 18-55 tó bá a wá, àti 50mm kékeré kan. Mo fẹ́ kó gbogbo ilé lọ sí Cornwall, ní ìpẹ̀kun gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọ̀sẹ̀ kan ní sọ́mà yìí, mọ́tò wa ló máa gbé wa lọ. Mo fẹ́ ya òkun, mo sì fẹ́ ya Màmá létí òkun nínú aṣọ òkè wọn, torí wọ́n pé ẹni ọdún 75 lọ́dún yìí. Orúnkún máa ń dùn wọ́n díẹ̀. Ìgbà wo ni kí n gba líìfù? Ibo ni ká dé sí? Kí ni kí n rà kún kámẹ́rà? Ohun mìíràn tó ń dà mí láàmú ni pé, bí mo bá ti ya wa ní Margate tàbí Brighton, òkun á hàn kedere, ṣùgbọ́n ojú wa á dúdú kirikiri, a ò ní rí imú, a ò ní rí ẹnu. — Bàbá Ìbejì, Peckham

ÌDÁHÙN

Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire Màmá o. Ẹ̀mí wọn á gùn nínú àlàáfíà. Inú mi dùn sí lẹ́tà yín nítorí pé kì í ṣe òkun nìkan lẹ fẹ́ lọ yà, ẹ fẹ́ ya ìyá yín létí òkun. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, èkejì ló sì le jù. Plymouth ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti kúrò n'Íbàdàn, odò Tamar nìkan ló pààlà sáàárín èmi àti Cornwall, ojú mi ni mo sì fi rí ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ líìfù. Ẹ má lọ ní oṣù Kẹjọ. Láti ìparí oṣù Keje tí àwọn ilé ìwé bá ti gba ọlidé ni gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ya lọ sí Cornwall. Ilé á gbówó lórí, ibi tí èèyàn máa gbé mọ́tò sí á dàwátì, etí òkun tí ẹ fẹ́ yà á sì kún fún agbòòrùn àti ẹsẹ̀ èèyàn. Àwọn ìbejì yín ò tíì wọ ilé ìwé, ẹ lo àǹfààní yẹn nísinsìnyí torí kò ní pẹ́ tán.

Àwọn kan á ní kí ẹ lọ ní oṣù Kẹfà torí ojúmọmọ gùn. Lóòótọ́ ló gùn. Ní ìparí oṣù Kẹfà, oòrùn máa ń yọ ní Penzance, ìlú kan ní Cornwall, ní nǹkan bí aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì ní wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìmọ́lẹ̀ tó dára jù fún fọ́tò kò ju wákàtí tó tẹ̀ lé ìyọ oòrùn àti wákàtí tó ṣáájú wíwọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dá nìkan lọ ló lè jẹ èrè ìyẹn ní oṣù Kẹfà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbejì àti àgbàlagbà lọ́wọ́, ta lẹ fẹ́ jí ní aago mẹ́rin ìdájí? Ẹ lọ ní oṣù Kẹsàn-án, bí ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀. Nígbà yẹn oòrùn á máa yọ ní nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á sì máa wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn ọmọ á ti jẹun alẹ́, oorun ò tíì ní kùn wọ́n. Ilé ìwé á ti wọlé, owó ilé á ti wálẹ̀. Omi òkun gan-an, àárín oṣù Kẹjọ sí Kẹsàn-án ló máa ń gbóná díẹ̀ jù, bí 16 tàbí 17 °C. Ẹ sọ fún Màmá pé omi náà á tutù sí wọn lẹ́sẹ̀.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa mú gan-an, òkun ló sì máa sọ ìyẹn fún yín. Kí ẹ tó san owó ilé, ẹ wo ìwé àkókò òkun, èyí tó ń sọ ìgbà tí òkun máa kún àti ìgbà tó máa fà. Wọ́n ń tà á ní ìwé pélébé ní àwọn ìsọ̀ etí òkun, ti ọ̀sẹ̀ kan sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì EasyTide. Ní Cornwall, òkun ń kún lẹ́ẹ̀mejì ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50, ìyẹn ni pé ojoojúmọ́ ni àkókò rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i ju ti àná lọ. Kíkún rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá di àrànmọ́jú, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tó kún tán àti ìgbà tó fà tán lè tó mítà 6 ní apá àríwá. Ilé alájà kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sínú rẹ̀ tòrùlé-tòrùlé. Ibi tí ẹ gbé àga Màmá sí lọ́sàn-án, ìgbì lè ti dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun kan wà tí àwọn àlejò kì í mọ̀. Ní apá Penzance àti St Ives, tí òṣùpá bá jẹ́ àrànmọ́jú tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni òkun máa ń kún, ọ̀sán gangan ló sì máa ń fà. Bí òṣùpá bá wà ní ìlàjì, ó máa ń yí padà: òkun á fà ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dára. Nítorí náà, ẹ wá ọ̀sẹ̀ tí òṣùpá ìlàjì bá bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti bí ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta sí i, ìgbà tí òkun máa fà á ṣe déédéé pẹ̀lú ìgbà tí oòrùn ń yọ àti ìgbà tó ń wọ̀. Yanrìn tútù tó gbalẹ̀ á wà níwájú yín, ojú ọ̀run á sì hàn nínú rẹ̀. Ìrìn yìí kò ní ìmúrasílẹ̀ mìíràn tó ṣe pàtàkì tó èyí.

Ibi tí ẹ máa dé sí: Marazion tàbí Hayle. Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ Cornwall tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an níbẹ̀. Hayle wà létí òkun àríwá, Marazion wà létí òkun gúúsù, kò sì tó máìlì mẹ́wàá láàárín wọn. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Atẹ́gùn àti òjò máa ń wá láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, oòrùn lè ràn lówùúrọ̀ kí kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ẹni tó bá wà ní àárín méjèèjì, bí apá kan bá burú, á wa mọ́tò lọ sí apá kejì kí ìmọ́lẹ̀ tó lọ. Ẹ máa rọra wakọ̀ o. Àwọn ọ̀nà kéékèèké ibẹ̀ kò gbà ju mọ́tò kan lọ, ògiri koríko wà ní ọ̀tún àti òsì, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè wa mọ́tò sẹ́yìn dé ibi tí ẹlòmíràn á ti ráyè kọjá.

Ẹ má gbé mọ́tò wọ inú St Ives rárá. Ẹ gbé e sí ibùdókọ̀ St Erth, kí ẹ wọ rélùwéè kékeré tó ń lọ sí St Ives, kí ẹ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún. Láti ìgbà tó bá ti kúrò ní St Erth ni omi á ti máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín títí tí ẹ máa fi yọ sí Carbis Bay, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àwọn ìbejì á fẹ́ràn rẹ̀. Tí òkun bá fà, àwọn ọkọ̀ apẹja inú èbúté St Ives á dùbúlẹ̀ sórí yanrìn pẹ̀lú okùn wọn, àwòrán tó dára nìyẹn fún lẹ́ǹsì 18-55 yín. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ẹyẹ òkun funfun ibẹ̀, wọ́n á já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ ọmọdé láìbẹ̀rù.

Fún òkun fúnra rẹ̀, Godrevy ni kí ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, ní àríwá Hayle. Ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà wà lórí erékùṣù kékeré kan níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní 1859, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Nile ti rì sórí àwọn òkúta ibẹ̀ ní 1854, tí kò sì sẹ́ni tó yè nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, tí ẹ bá dúró sórí yanrìn Gwithian, oòrùn á máa wọ̀ sí apá St Ives lọ́wọ́ òsì yín, ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ̀ á sì máa bà ara ilé iná náà láti ẹ̀gbẹ́. Ẹran òkun tí wọ́n ń pè ní seal máa ń sùn sí etí omi kan nísàlẹ̀ bèbè ibẹ̀. Òkè ni kí ẹ ti wò wọ́n, kí ẹ sì pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́, torí bí ìbẹ̀rù bá mú wọn, wọ́n á fi ara gbá òkúta bí wọ́n ṣe ń sáré wọ omi. Bí ẹ bá ráyè dá jáde ní ọjọ́ kan, ẹ lọ sí Botallack, níbi tí ilé ẹ̀rọ àtijọ́ méjì dúró sí ní eteetí bèbè. Tánńganran àti bàbà ni wọ́n ń wà níbẹ̀, ihò ìwakùsà náà sì gba abẹ́ òkun lọ. Ó wà lára ilẹ̀ ìwakùsà tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2006. Orúnkún Màmá ò ní gba ọ̀nà yẹn.

Marazion ni ti Màmá. Etí òkun ibẹ̀ tẹ́jú, mọ́tò á dé itòsí yanrìn. Òkè St Michael ló wà níwájú, erékùṣù kékeré tí wọ́n kọ́ ilé olódi sí lórí, tí ọ̀nà olókùúta kan gba inú òkun dé ibẹ̀. Tí òkun bá fà, ọ̀nà náà á yọ síta, èèyàn á fẹsẹ̀ rìn ín. Tí òkun bá kún, kò sí ọ̀nà mọ́, ọkọ̀ ojú omi ló kù. Ẹ má jẹ́ kí Màmá rìn ín. Àwọn òkúta ọ̀nà yẹn rí gbágungbàgun, koríko òkun sì máa ń jẹ́ kó yọ̀. Ẹ fi wọ́n jókòó sórí àga tó ṣe é ká lórí yanrìn, kí òkè náà wà lẹ́yìn wọn. Tí ẹ bá dojú kọ ibẹ̀, gúúsù lẹ dojú kọ, nítorí náà oòrùn ìrọ̀lẹ́ á máa tàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Màmá, ti àárọ̀ á máa tàn sí ti ọ̀tún. Ohun tí a ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ojú tó ń dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí mo ti rí ọ̀pọ̀ àwo fọ́tò ìdílé wa nílẹ̀ yìí tí aṣọ hàn, tí òkun hàn, tí ẹni tó ni ọjọ́ náà gan-an kò hàn. Ó máa ń dùn mí. Kámẹ́rà yín ò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé kó máa pa gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá rí pọ̀ títí tó fi máa bọ́ sí àárín funfun àti dúdú. Etí òkun ní tirẹ̀ funfun láti òkè délẹ̀: ọ̀run, yanrìn, ìfófòó omi. Kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú dúdú tó wà láàárín rẹ̀ ló sì máa forí fá a. Ní ilé fọ́tò tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ fi yé wa ni pé ojú oníbàárà là ń wọn ìmọ́lẹ̀ fún, aṣọ àti ara ògiri lè ṣe bó bá ṣe wù wọ́n.

Ẹ wá bọ́tìnnì tó ní àmì + àti − lára kámẹ́rà yín. Ẹ gbé e sí +1, ẹ ya ọ̀kan, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, kí ẹ wo ojú Màmá nìkan. Bó bá ṣì ṣókùnkùn, ẹ gbé e lọ sí +1.7. Ọ̀run ẹ̀yìn wọn lè funfun báláú, kò burú, Màmá lẹ wá yà. Bí kámẹ́rà náà bá ní ètò spot, tó ń wọn ibi kékeré kan ṣoṣo, tí ẹ sì nà án sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn: kámẹ́rà á fẹ́ sọ ojú dúdú di eérú, − lẹ máa nílò nígbà náà, bíi −0.7 tàbí −1, kí àwọ̀ wọn lè jẹ́ àwọ̀ wọn. Ẹ yà á ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fọwọ́ kan, pàápàá bí bùbá wọn bá jẹ́ léèsì funfun, torí ẹ máa fẹ́ padà wá ṣàtúnṣe sí funfun aṣọ náà nílé.

Lára àwọ̀ dúdú, ibi tó ń dán ló ń sọ bí ojú ṣe rí: iwájú orí, òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́, egungun imú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pọ́dà pa wọ́n rẹ́. Òrí díẹ̀ tí Màmá fi para láàárọ̀ ti tó. Ìdí kan náà ni mo fi sọ pé tí ẹ bá ra gíláàsì polarizer, èyí tó ń gé ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mọ̀nà lójú omi, ẹ lò ó fún òkun àti òkúta tútù, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó ya èèyàn. Bó ṣe ń gé ti omi náà ló máa gé ti ojú, ojú á wá rí pẹlẹbẹ láìní òkè láìní ilẹ̀. Yanrìn gbígbẹ tó funfun ní tirẹ̀ ń ràn yín lọ́wọ́, ó ń da ìmọ́lẹ̀ padà sókè sí abẹ́ àgbọ̀n àti inú ihò ojú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí Màmá jókòó, kí wọ́n sún mọ́ ilẹ̀.

Aṣọ òkè ńkọ́? Sányán á dà pọ̀ mọ́ yanrìn. Ẹtù dára, ṣùgbọ́n ó ṣókùnkùn, á sì máa fa ojú òǹwòran sílẹ̀. Bí Màmá bá ní àlàárì, òun ni kí wọ́n ró: pupa yẹn níwájú òkun àti akọ òkúta yẹn, kò sí ohun tó máa bò ó mọ́lẹ̀. Kí ìyàwó yín fi pín-ìn-nì mú gèlè dáadáa, torí atẹ́gùn ibẹ̀ ò mọ àgbà. Kí Màmá wọ aṣọ òtútù sábẹ́ bùbá, kí ẹ sì fi kóòtù bò wọ́n títí ìmọ́lẹ̀ á fi dé ibi tí ẹ ń fẹ́. Lẹ́ǹsì 50mm ni kí ẹ lò, ní f/4, ìyẹn ìwọ̀n bí ojú lẹ́ǹsì ṣe là tó, kí òkè St Michael tó wà lẹ́yìn wọn ṣì ṣe é dá mọ̀. Ti àwọn ìbejì ò le: ẹ kúnlẹ̀, ẹ gbé eré kámẹ́rà lọ sí 1/500 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sáré. Ẹ rí i pé kò sí ọmọ ọlọ́mọ nínú àwòrán, àwọn òbí níbí kì í fẹ́ ẹ, wọn ò sì jẹ̀bi.

Ẹ má ra lẹ́ǹsì kankan. Ẹ ra bátìrì kejì, aṣọ ìnu-lẹ́ǹsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, fùkẹ́fùkẹ́ kékeré tó ń fẹ́ eruku kúrò, àti ẹsẹ̀ mẹ́ta (tripod) tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, kó wúwo díẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì lórí yanrìn, inú mọ́tò ni kí ẹ ti ṣe é. Ní alaalẹ́, ẹ fi aṣọ tí ẹ fi omi tútù lásán rin díẹ̀ nu ara kámẹ́rà, kí ẹ fi gbígbẹ tẹ̀ lé e, torí iyọ̀ òkun tó bá sùn mọ́ ọn á jẹ irin rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta náà, ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣan án dáadáa.

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹ má kẹ̀yìn sí ìgbì nítorí fọ́tò, ẹ má sì wọ abẹ́ bèbè kankan láìmọ ìgbà tí òkun máa kún, torí òkun máa ń dí ọ̀nà àbájáde mọ́ èèyàn níbẹ̀. Níbi tí àsíá pupa àti yẹ́lò bá wà, àárín méjèèjì ni àwọn ọmọ ti lè fẹsẹ̀ wọ omi. Àsíá pupa nìkan túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 999, kí ẹ ní Coastguard, àwọn tó ń gba èèyàn là létí òkun, lẹ fẹ́.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń lọ sí St Ives ní àárín oṣù Kẹjọ. Fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé mo lè fi ya ìràwọ̀ lórí òkun, àbí kí n má wulẹ̀ dán an wò? — Akẹ́kọ̀ọ́, Bristol

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, dán an wò. Oṣù tó dáa lo mú. Ní oṣù Kẹfà, ilẹ̀ kì í ṣú tán pátápátá ní Cornwall, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á ṣì wà ní apá àríwá ọ̀run ní ọ̀gànjọ́ òru. Ní àárín oṣù Kẹjọ, òkùnkùn gidi á wà láti bí aago mọ́kànlá lọ, àkókò yẹn náà sì ni ìràwọ̀ tó ń já, tí wọ́n ń pè ní Perseids, máa ń pọ̀ jù, ní òru ọjọ́ 12 mọ́jú ọjọ́ 13. Kọ́kọ́ wo ibi tí òṣùpá wà. Bó bá tàn, ìràwọ̀ kéékèèké ò ní hàn.

Kúrò nínú ìlú. Ilẹ̀ tó wà ní ìwọ̀ oòrùn St Ives, apá Zennor títí lọ dé Land's End, wà nínú West Penwith, tí wọ́n fún ní oyè ọgbà òkùnkùn àgbáyé ní 2021 nítorí bí iná iléeṣẹ́ àti ti títì kò ṣe pọ̀ níbẹ̀. Fi ojúmọmọ lọ wo ibi tí o máa dúró sí, kó o mọ ibi tí bèbè wà. Má ṣe rìn létí bèbè lóru, bí ó ti wù kí àwòrán náà dára tó, kí ẹnì kan nínú yín sì dúró ti mọ́tò pẹ̀lú fóònù tó ní bátìrì.

Fóònù ò gbọ́dọ̀ mì. Ra ẹsẹ̀ mẹ́ta kékeré, tàbí kó o fi fóònù ti òkúta. Fi sí night mode, ìyẹn ètò yíyà lóru, gbé àkókò rẹ̀ dé ibi tó gùn jù tó lè gbà, lo ètò ìdádúró ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kí ọwọ́ rẹ má baà mì ín nígbà tó o bá tẹ̀ ẹ́. Má fi ojú ọ̀run nìkan kún àwòrán náà: jẹ́ kí ilé ẹ̀rọ ìwakùsà àtijọ́ tàbí òkúta ńlá kan wà nísàlẹ̀, ó pọ̀ ní ilẹ̀ yẹn. Bó o bá fẹ́ rí ìlà funfun àwọn ìràwọ̀ tó gba àárín ọ̀run kọjá, gúúsù ni kó o dojú kọ. Pa iná fóònù àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ojú yín á nílò bí ogún ìṣẹ́jú kó tó mọ òkùnkùn.

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ ni mí ní Ìkòròdú. Ẹgbẹ́ onífọ́tò ilé ìwé wa fẹ́ lọ sí Badagry ní ọlidé oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ ọdún 14 sí 17 ni wọ́n, fóònù ló sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn òbí kan ní ojú ọ̀run á ṣú jù, pé kí á sún un sí oṣù Kejìlá. Kí lẹ rí sí i? — Olùkọ́ Ìkòròdú

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀gá olùkọ́. Ẹ lọ ní oṣù Kẹjọ. Òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lápá etí òkun wa ní àkókò yẹn, ìkùukùu tó bo ojú ọ̀run sì ń tú ìmọ́lẹ̀ ká wẹ́rẹ́, ojú àwọn ọmọ á hàn láìsí òjìji líle lábẹ́ ojú àti imú, títí kan ọ̀sán gangan. Ní oṣù Kejìlá, oyé á ti dé pẹ̀lú eruku, oòrùn ọ̀sán á sì mú gan-an. Ohun tí mo sọ fún Bàbá Ìbejì lókè nípa ojú tó ń dúdú bá àwọn ọmọ yín náà mu: kí wọ́n tẹ ojú ẹni tí wọ́n ń yà lórí fóònù kí ìmọ́lẹ̀ lè bá ojú náà mu, kí wọ́n má sì fi ọ̀run funfun yẹn kún àwòrán.

Àkókò ìmọ́lẹ̀ pupa kúrú lọ́dọ̀ wa. Ní àárín oṣù Kẹjọ, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago méje ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ á sì ṣú kíá, kò dà bíi Cornwall tí àṣálẹ́ ti ń fà gùn. Gúúsù ni etí òkun Badagry kọjú sí, nítorí náà oòrùn ò ní wọ inú òkun lójú yín, ẹ̀gbẹ́ ló máa wọ̀ sí. Kíkún òkun ibẹ̀ náà ò ju bíi mítà kan lọ, ẹ ò nílò láti fi ọ̀rọ̀ òṣùpá da ara yín láàmú. Àmọ́ ìgbì ní àárín ọdún lágbára jù, ó sì ń fa èèyàn lọ sí àárín agbami. Kí ọmọ kankan má fẹsẹ̀ wọ omi, kí gbogbo wọn sì wọ ẹ̀wù agbẹ́mìíró nínú ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀ sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú.

Ní Gbẹ̀rẹ̀fú, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sétí òkun, ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kúrò ní Ìkòròdú. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń fò sókè kí wọ́n yà á. Kí wọ́n ya ilẹ̀, igi àgbọn, ọ̀nà yanrìn, ojú ara wọn bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìtàn náà. Ní inú ìlú, ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ ní 1845, wà níbẹ̀, fèrèsé àti àtẹ̀gùn rẹ̀ á kọ́ wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ inú ilé.

Bí ẹ bá bá àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n létí òkun, ẹ̀yin àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí wọn, kí ẹ gba àyè, kí ẹ ra ẹja lọ́wọ́ wọn. Kí ọmọ kan gba nọ́ńbà fóònù olórí wọn sínú ìwé, kí ẹ lè tẹ díẹ̀ nínú fọ́tò náà sórí pépà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wọn kí ilé ìwé tó wọlé.